George Lawrence, Ayàwòrán Láti Òkè

Ìpínlẹ̀ Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí George Lawrence, Chicago sì ni ó ti ṣe iṣẹ́ fọ́tò. Ohun tí ó ń wá ni àwòrán kan ṣoṣo tí yóò gba odindi ìlú. Ní ọdún 1901, ó wọ inú agbọ̀n tí a so mọ́ àpò ńlá tí a fi gáàsì kún, ó sì gòkè lọ. Agbọ̀n náà já! Ó ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ tí ó ti já bọ́. Wáyà tẹlifóònù ni ó gbà á, kò sì fara pa. Ẹlòmíràn ì bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun pinnu pé ẹ̀rọ ni yóò máa gòkè, kí ènìyàn dúró nílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1906, ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco, iná sì jó ìlú náà. Lawrence kó káìtì 17 lọ, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fi okùn fò nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ó fi wọ́n gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán tí ó wúwo tó pọ́ùn 49 sókè lórí omi etí ìlú náà. Fíìmù tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, tí a tẹ̀ bí ọrun, ni ó wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná inú wáyà ni ó sì fi ṣí ojú ẹ̀rọ náà. Èbúté, òpópó àti àwókù ilé, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Dọ́là 125 ni ó ń ta ẹ̀dà kan, owó gidi ní ìgbà náà.

Lẹ́yìn èyí ó pa fọ́tò tì, ó sì dojú kọ ṣíṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ó kú ní ọdún 1938.