Ọ̀gbẹ́ni Belyaev àti Àwọn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Rẹ̀

Ìtàn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí mo fẹ́ràn gan-an ni mo mú wá.

Orúkọ rẹ̀ ni Dmitri Belyaev. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí i ní 1917. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nikolai, ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì, ìyẹn ohun tín-ín-tín inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Nígbà ìjọba Stalin, ẹ̀kọ́ yìí di ewu. Ní 1937, wọ́n mú Nikolai, wọ́n sì pa á. Ká ní èmi ni, màá sá fún ẹ̀kọ́ yẹn pátápátá. Belyaev ò sá o. Ó lọ jagun, ó padà wá sídìí iṣẹ́. Ní 1948, wọ́n yọ ọ́ nípò torí pé kò sẹ́ ọ̀rọ̀ jíìnì.

Nígbà tó di 1959, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní Novosibirsk. Wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ, ló bá ní bí ara ẹranko ṣe ń ṣiṣẹ́ lásán ni òun ń wò. Òun àti Lyudmila Trut kó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jọ. Èyí tó bá fara balẹ̀ tí èèyàn bá sún mọ́ ọn nìkan ni wọ́n ń mú bímọ. Wọn ò kọ́ wọn ní nǹkan kan o! Síbẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ kan ti ń ju ìrù bí ajá, wọ́n ń lá ọwọ́ èèyàn. Wọ́n tún sin àwọn tó rorò lọ́tọ̀, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra.

Belyaev kú ní 1985, àmọ́ iṣẹ́ náà ò dúró. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, wọ́n rí i pé àwọn jíìnì kan ń ṣiṣẹ́ kára nínú ọpọlọ àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ ju ti àwọn tó rorò lọ, àwọn mìíràn sì ń rọra ṣiṣẹ́. Serotonin, kẹ́míkà ọpọlọ kan tó ń bá ìbínú wí, pọ̀ lára àwọn oníwà pẹ̀lẹ́.

Èèyàn kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣá. Àwa ní ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n bá gbé bókẹ́ẹ̀tì ẹnì kan, á gbaná jẹ. Ẹlòmíì á kàn rẹ́rìn-ín. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe agídí nìkan ló fà á. Ohun tí mo ṣì ń rò ni ìgboyà Belyaev: ṣé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, àbí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ?