Jackie Robinson, Olùṣọ́ Ibùdó Kejì

Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Cairo, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Jackie Robinson sí ní ọdún 1919. Ọmọ ọwọ́ ni ó wà nígbà tí bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ tí kò sì padà. Mallie, ìyá rẹ̀, kó ọmọ márààrún lọ sí Pasadena ní California, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó kí ó lè rí oúnjẹ fi sí wọn lẹ́nu. Ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ni wọ́n nínú ìdílé náà: Mack, ẹ̀gbọ́n Jackie, ni ó ṣe ìkejì Jesse Owens nínú eré ìje igba mítà ní Berlin ní ọdún 1936.

Kí ẹ má ṣe rò pé ọlọ́kàn tútù ni ọkùnrin yìí látilẹ̀ wá. Ní ọdún 1944, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ológun ní Texas, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan pàṣẹ pé kí ó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Jackie kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ológun, ṣùgbọ́n wọ́n dá a láre.

Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, ẹni tí ó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù yóò sáré yí ibùdó mẹ́ta ká, yóò sì padà sí ibi tí ó ti gbéra. Àwọn olùṣọ́ ibùdó ni ó ń dènà rẹ̀. Láti nǹkan bí 1884 ni àwọn olówó ẹgbẹ́ ńláńlá ti fi ohùn ṣọ̀kan pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ bá wọn ṣeré. Òfin tí a kò kọ sínú ìwé ni, ó sì le ju èyí tí a kọ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, Branch Rickey, ọ̀gá ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers, ránṣẹ́ pe Jackie. Ó bú u ní oríṣiríṣi èébú tí àwọn ọ̀tá yóò bú u, ó sì béèrè bóyá ó lè gba gbogbo rẹ̀ láìgbẹ̀san. Jackie gbà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947 ni ó wọ pápá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Kí ó tó di ọjọ́ náà, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ pàápàá ti ń wá ọ̀nà láti lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ará Philadelphia bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, ọ̀gá wọn ni ó sì ṣíwájú. Àwọn mìíràn kọ ìwé pé àwọn yóò pa á. Jackie dákẹ́, ó ń sáré. Ní ọdún 1948, wọ́n fi í ṣọ́ ibùdó kejì. Ní ọdún 1949, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni igi rẹ̀ ń jẹ́, ó jí ibùdó mẹ́tàdínlógójì, wọ́n sì yàn án ní ẹni tí ó wúlò jù lọ nínú líìgì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ̀rọ̀, tí ó ń bá rẹfirí jiyàn bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Àwọn tí ó yin sùúrù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní agbéraga! Lójú tèmi, ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìwà rẹ̀ rárá. Gbèsè ni ó san.

Ní ọdún 1955, nígbà tí orí rẹ̀ ti ń funfun, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́gun Yankees, wọ́n gba ife àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn eré ọdún 1956 ni wọ́n fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, ó sì fẹ̀yìntì.

Àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, wọ́n bọlá fún un ní pápá Cincinnati. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé òun fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú tí yóò jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ó kú, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ní ọdún 1975, Frank Robinson, tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, di olùdarí ẹgbẹ́ Cleveland.