Táí Ṣólàárín: Aláìgbàgbọ́ Tí Àwọn Onígbàgbọ́ Fi Ọmọ Wọn Lé Lọ́wọ́

Ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1922, ni a bí Táíwò Ṣólàárín àti Kẹ́hìndé, arábìnrin rẹ̀. Kò sí olùkọ́ kan ní ilẹ̀ wa tí kò mọ orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ó da àwọn ènìyàn láàmú nípa rẹ̀ títí ó fi kú, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ wò. Ó sọ ní gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Síbẹ̀, ìwà tí àwọn Onígbàgbọ́ ń retí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n rí.

Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó mú un kọ ẹ̀sìn sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó ti kàwé, ní Wesley College, Ìbàdàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfurufú ti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun ó lọ sí Yunifásítì Manchester. Ní 1951 ó fẹ́ Sheila, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bá a ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní 1952 ó di ọ̀gá àgbà ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Níbẹ̀ ni ìjà ti dé. Ó fòpin sí àdúrà àti orin ìsìn òwúrọ̀, inú àwọn Onígbàgbọ́ sì bàjẹ́. Lójú tiwọn, ọmọ tí kò mọ̀ pé Ẹnìkan ń rí òun nínú òkùnkùn, kí ni yóò dá a dúró kí ó má jalè? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀.

Ṣólàárín fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, òun àti aya rẹ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, láìsí ìsìn kankan níbẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ òkun tí ó gbé àwọn Onígbàgbọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni ó fún un, àwọn tí ń wá ibi tí wọn yóò ti lè sin Ọlọ́run bí ó ti wù wọ́n. Ẹni tí kì í sìn kò tijú láti yá orúkọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tìtorí ìsìn ṣí kúrò nílé.

Ní Mayflower, akẹ́kọ̀ọ́ ń di ọkọ́ mú bí ó ti ń di kálàmù mú, ọ̀gá pàápàá nínú ṣòkòtò péńpé sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Kò pẹ́ tí àwọn òbí Onígbàgbọ́ fi ń mú ọmọ wọn wá síbẹ̀. Ẹnu wọn lòdì sí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ìwà rẹ̀.

A kò ní ṣàì sọ àṣìṣe tirẹ̀ náà. Nínú ìwé ìròyìn, ó máa ń bá àwọn ènìyàn wa wí pé wọ́n fi àdúrà rọ́pò iṣẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ojú kan náà wo gbogbo onígbàgbọ́. Àwọn ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún wa. Ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà ni a bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Onígbàgbọ́, ẹni tí ìjọba rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ọmọ ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń kúnlẹ̀, èkejì kò kúnlẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe.

Ní 1984 ìjọba ológun sọ Ṣólàárín sẹ́wọ̀n fún oṣù 17. Kò yí ohùn padà. Ó kú ní ọdún 1994.

Kí Onígbàgbọ́ tí ó rò pé kò sí ìwà níbi tí kò sí àdúrà rántí Mayflower. Kí ẹni tí ó ń fi onígbàgbọ́ ṣẹ̀sín sì rántí ẹni tí ó kọ́ ọ ní A, B, D. Kí ìjọ tó dé, kí Ṣólàárín tó dé, ìwà ni àwọn baba wa fi ń mọ ọmọlúwàbí. Òṣùwọ̀n yẹn ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ mú dání lónìí.