BÀBÁ FREEMAN: OLÙTỌ́JÚ ỌGBÀ, ÀGBẸ̀ ÀTI OLÓRÍ ILÉ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin mi nínú Olúwa, kò sí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní ilẹ̀ wa tí kò tíì gbọ́ orúkọ Thomas Birch Freeman. Gbogbo ìgbà tí a bá ń ṣe ìrántí bí ìhìnrere ṣe dé Àgbádárìgì, a ó dárúkọ rẹ̀, a ó dárúkọ igi Àgíà, a ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ wa pé iṣẹ́ ọgbà ni bàbá náà kọ́, pé àgbẹ̀ ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ó sin ìyàwó méjì kí Olúwa tó fún un ní ilé tí ó dúró. Ìhà ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yà sí lónìí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809 ni a bí i ní Twyford, ní ẹkùn Hampshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Áfíríkà tí ó ti ṣe ẹrú rí ni bàbá rẹ̀; òyìnbó ni Amy Birch, ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olùtọ́jú ọgbà fún Sir Robert Harland ní Orwell Park, nítòsí ìlú Ipswich. Kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń ro oko o. Ó mọ orúkọ àti ìwà ewéko bí babaláwo ṣe mọ ewé, ìmọ̀ yìí kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Ilé ọlọ́lá yìí kan náà ni Elizabeth Boot ti ń ṣe olùtọ́jú ilé, òun ni Freeman sì fẹ́ ní ọdún 1837 nígbà tí ó gbà láti lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní.

Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1838 ni tọkọtaya náà gúnlẹ̀ sí Cape Coast. Òyìnbó márùn-ún ni ìjọ Wesley ti rán síbẹ̀ ṣáájú wọn láti ọdún 1835, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin méjì. Gbogbo wọn ti kú. Kò pẹ́ tí ibà dá Freeman fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀. Elizabeth ni ó tọ́jú rẹ̀ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá, àìsàn sì kọlu obìnrin náà, ó sì kú. Ọ̀sẹ̀ méje péré ni ó lò ní Áfíríkà. Nínú ìwé ìtàn, ìlà kan ni wọ́n máa ń fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti aláìsàn ní òru mọ̀ pé bí kò bá sí obìnrin yẹn, kò dájú pé Freeman a dé Àgbádárìgì. Ó padà sílé ní 1840, ó fẹ́ Lucinda Cowan, ó sì mú un wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1841, òun náà sùn. Kò pé ọdún kan tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Ọkọ opó méjì yìí ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, pẹ̀lú William de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Àwọn Sàró tí wọ́n ti padà wálé ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún oníwàásù. James Ferguson wà lára àwọn tí ó kọ̀wé. Ní oṣù Kejìlá, Freeman gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì, ó bá Henry Townsend ti CMS níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ bá Ọba Gezo ní Dàhómì. Igi Àgíà ọ̀hún dúró títí di 1959 kí ó tó wó.

Ibi gbogbo tí ó bá dé, ó ń gbin nǹkan. Ní Beulah, nítòsí Cape Coast, ó dá oko sílẹ̀, ó gbin kọfí, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ ọkọ́ bí wọ́n ti mọ ìwé. Owó ni wàhálà rẹ̀. Ó ń dá ìjọ àti ilé-ìwé sílẹ̀ ju ohun tí ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí lọ. Gbèsè pọ̀, ìṣirò kò gún. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó jí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ní 1857 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi kò rò pé ìgbìmọ̀ náà jẹ̀bi pátápátá, nítorí owó ìjọ kì í ṣe owó àpò.

Nígbà yẹn, ó ti fẹ́ Rebecca Morgan, ọmọ Fante, láti 1854. Ẹ wo ipò tí obìnrin yìí wà: ó fẹ́ olórí míṣọ́nnárì, kò pé ọdún mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ ti kúrò lórí iṣẹ́. Freeman kò sá padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Accra, lẹ́yìn náà ó mú ọkọ́. Oko tí ó dá nítòsí Accra ni ó fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni Rebecca bí fún un, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ gan-an. Ọdún tí iṣẹ́ ìjọ kò jẹ́ kí ó lò nílé tẹ́lẹ̀, oko fún un láyè láti lò ó.

Ní 1873, ìjọ ní kí ó padà wá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ. Thomas Birch Freeman kékeré náà di òjíṣẹ́, bàbá àti ọmọ sì jọ ṣiṣẹ́ ní Anomabu. Ní 1886 ni ó fẹ̀yìntì. Accra ni ó ti sùn ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ẹni ọgọ́rin ọdún, ọdún 52 lẹ́yìn tí wọ́n sin Elizabeth sí Cape Coast.