Ìtàn Ìgbésí-Ayé Gbajúmọ̀ Kan tí ó ti Di Olóògbé: Katharine Blodgett

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ibùdókọ̀ Àrámọ̀kọ tàbí Ìjerò, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí epo ọkọ̀ tí ó tẹ́ sórí omi, tí ó ń dán bí òṣùmàrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gba ibẹ̀ kọjá láìwò ó. Katharine Burr Blodgett fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì di olókìkí nípa rẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1898 ní ìlú Schenectady, ní ìpínlẹ̀ New York, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ General Electric. Kí a tó bí ọmọ yìí ni olè wọ ilé wọn, tí ó sì yìnbọn pa bàbá náà. Katharine kò fojú kan bàbá rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ìyá rẹ̀ kò fi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà ṣeré rárá.

Nígbà tí Katharine di ọmọ ọdún 15, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Bryn Mawr. Ó ku díẹ̀ kí ó jáde ní 1917 ni ó lọ wo ilé-iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Irving Langmuir ti gbà á níyànjú pé kí ó tún kàwé sí i. Ó gbọ́ ìmọ̀ràn. Ó gba oyè kejì ní Yunifásítì Chicago ní 1918, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà á síṣẹ́ ní ọdún kan náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ níbẹ̀. Ní 1926, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní Cambridge.

Kí ni iṣẹ́ tí ó ṣe? Mólékù ni ẹyọ tín-ń-tín tí a fi mọ ohun kọ̀ọ̀kan. Mólékù irú ọ̀rá kan wà tí ó ní orí tí ó fẹ́ràn omi, àti ìrù tí ó kórìíra omi. Bí a bá dà á sójú omi, gbogbo wọn a ki orí bọ omi, wọn a na ìrù sókè, wọn a sì dúró létòlétò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà ní òwúrọ̀. Langmuir ti ṣe àlàyé èyí. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ojú nǹkan ni ó fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1932. Ohun tí Blodgett ṣe ni pé ó gbé ìlà náà kúrò lójú omi sórí dígí. Bí aláró ti ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró léraléra, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ri dígí bọ omi tí ó sì ń fà á jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìpele kan a lẹ̀ mọ́ ọn, òmíràn a tún gùn ún. Àwọ̀ tí dígí ń mú wá ni ó fi ń mọ bí ìpele náà ti nípọn tó.

Dígí lásán máa ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí o fi ń rí ojú ara rẹ lára fèrèsé. Ní 1938, Blodgett to ìpele 44 sórí dígí. Àpapọ̀ wọn kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ìpele náà dá padà àti èyí tí dígí dá padà pa ara wọn rẹ́, dígí náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí mọ́.

Ṣùgbọ́n ìpele náà rọ̀. Bí a bá fọwọ́ nù ún, a máa ṣí. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi ṣe èyí tí ó le jù ú lọ, irú èyí sì ni àwọn tí ń ṣe awò gbà lò. Èyí kò sọ iṣẹ́ Blodgett di asán, nítorí ọ̀nà ìto-ìpele rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ òun àti Langmuir títí di òní. Ní 1946, Zisman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú mólékù bẹ́ẹ̀ lè fúnra wọn tò sójú ohun líle láìsí pé a ń fi ọwọ́ tò wọ́n. Wo ewé kókò lẹ́bàá odò: ìda tín-ín-rín tí ó fúnra rẹ̀ tò sójú ewé náà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí omi rá mọ́ ọn.

Blodgett fẹ̀yìn tì ní 1963, ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1979, ní ẹni ọdún 81.

Kí ni ìwọ yóò rí kọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ọmọ tí kò mọ bàbá kò tìtorí èyí jókòó. Ìpele kan lórí òmíràn ni ó fi kọ́ ayé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe sí dígí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣe ohun tí ó dára ju tìrẹ lọ, má ṣe sọ irinṣẹ́ rẹ sílẹ̀.