Mosaddegh ti Ilẹ̀ Ìránì àti Ìdáǹdè tí Àjòjì ń Ṣèlérí

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Ísírẹ́lì àti ti Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Ìránì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkèèrè ni ó rò pé àwọn ará ìlú náà, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba wọn láti ọjọ́ pípẹ́, yóò tú jáde láti fi ayọ̀ pàdé ẹni tí ó wá bá wọn lé e lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni inú àwọn kan dùn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ìjọba náà ti fìyà jẹ rí ni wọ́n kọ bọ́ǹbù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ìjọba. Bí èyí bá ya òǹkàwé wa lẹ́nu, kí ó bá wa yẹ ìgbésí ayé Ọ̀mọ̀wé Mohammad Mosaddegh wò. Nítorí bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn.

Ìlú Tehran ni a ti bí i ní ọdún 1882. Ọmọ ọlọ́lá ni, ìyá rẹ̀ sì ti ìdílé ọba Qajar wá. Ó kàwé ní Párísì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Swítsàlandì. Nígbà tí ọ̀gágun Reza Khan fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ọba ní 1925, ẹ̀rù ba àwọn aṣòfin púpọ̀, ṣùgbọ́n Mosaddegh dìde láàárín wọn, ó ní kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo kó adé àti àṣẹ ìjọba pọ̀ sọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni ìtanù. Ní 1940 wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Birjand.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Rọ́ṣíà ya wọ Ìránì, ọba náà sì fi oyè sílẹ̀. Ọ̀tá Mosaddegh ni ó ṣubú yìí, síbẹ̀ kò tìtorí èyí di ọ̀rẹ́ ẹni tí ó bì í ṣubú. Nígbà tí ó padà sí Ilé Aṣòfin ní 1944, òun ni ó mú òfin wá pé mínísítà kankan kò gbọdọ̀ bá àjòjì dúnàádúrà láti fi ilẹ̀ epo lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ epo ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ní 1901 ni ọba kan ti fi epo Ìránì fún ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún 60 ọdún, tí 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún èrè yóò jẹ́ ti Ìránì. Ní 1914 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ra èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú ilé iṣẹ́ náà. Òun náà ni ó di BP lẹ́yìn náà, tí ìjọba Nàìjíríà gba ìpín rẹ̀ nínú epo tiwa ní 1979. Ní 1951 Ilé Aṣòfin Ìránì sọ epo di ti gbogbo ìlú, Mosaddegh sì di Olórí Ìjọba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà òkun kí ẹnikẹ́ni má bàa ra epo náà. Wọ́n pe ẹjọ́ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague, ilé ẹjọ́ náà sì wí ní 1952 pé òun kò ní àṣẹ láti dá a.

Nígbà tí ẹjọ́ kò ṣe é dá, wọ́n yíjú sí ọ̀tẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1953, àwọn amí Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ná owó fún àwọn jàǹdùkú, wọ́n sì lo àwọn ológun. Ìgbìyànjú kìíní já sí asán, Shah sá lọ sí Róòmù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù náà wọ́n fi ọkọ̀ ogun wó ilé Mosaddegh. Ní ọdún 1954 àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà gba ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo náà.

A kò ní fi àṣìṣe ọkùnrin yìí pamọ́. Ó pe ìbò láti tú Ilé Aṣòfin ká, a sì ya àpótí bẹ́ẹ̀ni sọ́tọ̀ kúrò lára ti bẹ́ẹ̀kọ́, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ènìyàn rí ibi tí oníkálukú dìbò sí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń fi í sílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wọlé kò wá láti dí ihò náà.

Ilé ẹjọ́ ológun sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí a há a mọ́ ilé rẹ̀ ní abúlé Ahmadabad títí ó fi kú ní 1967, a sì sin ín sínú ilé náà. Ní 1979 àwọn ará Ìránì fúnra wọn lé Shah lọ. A fi orúkọ Mosaddegh pe òpópónà ńlá kan ní Tehran, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn àlùfáà tí ó gba ìjọba fi pa orúkọ náà rẹ́. Àwọn náà kò fẹ́ ìrántí ẹni tí ó ní kí alágbára tẹrí ba fún òfin. Ní 2013 ni àjọ CIA tó fi ìwé hàn pé ọwọ́ òun wà nínú ìdìtẹ̀ náà.

Ohun tí à ń wí nìyí. Ìjọba tí ó ń pe gbogbo aláròyé ní aṣojú àjòjì ń parọ́ mọ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, nítorí Mosaddegh tí kò gba ti ọba kò gba ti àjòjì. Àwọn tí ó ń gbé bọ́ǹbù lọ kí wọ́n lè fún ará Ìránì ní òmìnira gbàgbé pé, ní 1953, àwọn tí wọ́n gba òmìnira náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí àwọn tí ń ṣèlérí rẹ̀ lónìí. Ẹni tí eku ń yọ lẹ́nu kì í ké sí ará òde láti wá finá sí òrùlé. Ìkórìíra tí ará ìlú ní sí ìkà ilé kì í ṣe ìwé ìpè fún ogun òde.