Àjàyí Òṣoògùn àti Ìyá Rẹ̀
Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni à ń pè ní Àjàyí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí ní Òṣoògùn ní nǹkan bí ọdún 1809, nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń sin òrìṣà. Ní 1821 ogun kó o lẹ́rú. Ní 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì di ará Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ ìsìn ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba: ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Sámúẹ́lì Crowther. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti gbà fún un tàbí láti kọ̀.

Ní 1846 ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ọmọ ti di àlùfáà. Ìyá ṣì wà nínú ìsìn àbáláyé. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣebí orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá nílẹ̀ wa? Ìsìn yí padà. Ìyá Àjàyí ṣì ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọmọ rẹ̀ lára.